Ẹ̀wù Optimus Prime: Ta Ni Ó Wà Nínú Rẹ̀?

Ewì, ìtàn àròsọ àti eré orí ìtàgé ni a sábà máa ń gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀wù ọmọdé kan ni a fẹ́ mú wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀wù rọ́bà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tí ọmọ yóò wọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni. Àwọn àgbà tí wọ́n wọ irú ẹ̀wù yìí ní kékeré ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní, iyàn náà sì kan ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ nípa eré mọ̀: nígbà tí ènìyàn bá gbé ẹ̀dá mìíràn wọ̀, ta ni ó kù nínú ẹ̀wù?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀wù náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fojú kàn án rí. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, tí wọ́n ń pè ní Halloween, àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà a máa para dà bí iwin, bí àjẹ́, bí ọba tàbí bí akọni inú ìtàn, wọn a sì máa lọ láti ojúlé dé ojúlé láti gba àdídùn. Láti ìparí àwọn ọdún 1930 títí di ìparí àwọn ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ Ben Cooper, tí ó fi Brooklyn ní ìlú New York ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi ń rán ẹ̀wù fún ọjọ́ yìí. Òun, Collegeville ti Pennsylvania, àti Halco ni ọ̀gá mẹ́ta tí ó pín ọjà náà láàárín ara wọn. Inú páálí pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tà á sí. Wọ́n gé ojú páálí náà bíi fèrèsé, wọ́n sì fi ọ̀rá tí ojú ń là kọjá dí i, ìbòjú inú rẹ̀ a sì máa wo ẹni tí ó wá rajà láti orí àtẹ.

Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ìbòjú náà. Wọ́n fi iná rọ ike, wọ́n sì fà á mọ́ ère ojú kan títí ó fi gba àwòrán rẹ̀. Ihò méjì wà fún ojú, òmíràn wà fún imú, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹnu. Okùn rọ́bà ni wọ́n fi irin kéékèèké kàn mọ́ ọn ní ọ̀tún àti ní òsì. Okùn yìí kì í pẹ́ já. Ẹ̀wù tí ó bá a rìn jẹ́ rọ́bà tàbí aṣọ fífúyẹ́ tí a ń so lẹ́yìn ọrùn, ó sì ń dún bí ewé gbígbẹ bí ọmọ bá ti ń rìn. Ní àyà rẹ̀, níbi tí ojú ń kọ́kọ́ bà lé, ni wọ́n máa ń ya àwòrán akọni náà fúnra rẹ̀ sí, wọn a sì kọ orúkọ rẹ̀, tàbí orúkọ eré tí ó ti jáde wá, gàdàgbà sí i.

Ti Optimus Prime wà lára ìran ẹ̀wù yìí. Òun ni olórí àwọn róbọ́ọ̀tì rere nínú ìtàn Transformers. Ilé iṣẹ́ Hasbro ti Amẹ́ríkà ni ó gbé Transformers jáde ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n láti Japan ni ohun ìṣeré náà ti wá: Diaclone, tí Takara bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ọdún 1980, àti Micro Change tí ó tẹ̀ lé e, ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fún ní orúkọ tuntun àti ìtàn tuntun. Dennis O'Neil, òǹkọ̀wé kan ní Marvel Comics, ni ó sọ ọ́ ní Optimus Prime. Bob Budiansky ni ó sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìyókù lórúkọ. Tírélà pupa ni Optimus Prime. Bí ó bá fẹ́ jà, orí tírélà náà a ká, a nà, a di ènìyàn onírin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù, gíláàsì iwájú ọkọ̀ a sì di àyà rẹ̀. Irin kan bo ẹnu rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ irin ẹnu yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan irú ẹ̀wù yìí kò ju ọ̀kan lọ. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní Optimus Prime kì í gbé àwòrán ara rẹ̀ sáyà kiri, àti pé kò sí akọni kan tí ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sára aṣọ kí ó tó lọ sójú ogun (àfi Superman, tí lẹ́tà kan ṣoṣo tó fún). Ẹni tí ó bá fẹ́ jọ róbọ́ọ̀tì, wọ́n ní kí ó fi páálí ṣe apá, kí ó fi bébà dídán bo ara. Èyí tí a rà ní ilé ìtajà yìí, ìpolówó lásán ni, ọmọ ni ó sì ń ru pátákó ìpolówó náà kiri láìgba owó.

Ẹ̀sùn yìí dùn létí, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mú un wá gbàgbé àwọn tí ẹ̀wù náà ń bá sọ̀rọ̀. Oríṣi òǹwòran méjì ni ọmọ náà ní. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn ni èkíní. Àwọn wọ̀nyí ń wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n bá ti rí orí búlúù àti irin ẹnu, ó parí. Èkejì ni onílé tí yóò ṣílẹ̀kùn: ìyá àgbà kan, tàbí bàbá kan tí kò ní ọmọ kékeré nílé, tí kò gbọ́ orúkọ Optimus Prime rí láyé rẹ̀. Ìbòjú ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, àyà ń bá onílé sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí àwòrán àti orúkọ níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, eré á sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tí oríkì ń ṣe fún egúngún ni ìkọ̀wé yìí ń ṣe. Ní ilẹ̀ wa, egúngún kì í dúró máa ṣàlàyé ẹni tí òun jẹ́. Onílù àti àwọn obìnrin ilé tí ń kì í ni ó ń sọ ọ́ fún ará ìlú. Ọmọ Amẹ́ríkà kò ní onílù, kò sì ní ẹni tí yóò kì í. Ohun tí ó yẹ kí etí gbọ́ ni wọ́n kọ sí i láyà kí ojú rí i. A kò wí pé ẹ̀wù rọ́bà àti agọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Ìlò kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi jọra.

Ó sì yẹ kí a rántí àkókò tí ẹ̀wù yìí dé orí àtẹ. Nígbà ìwọ́wé ọdún 1982, ẹnìkan tí a kò tíì mọ̀ dájú títí di òní fi májèlé sínú oògùn Tylenol ní agbègbè Chicago, ènìyàn méje sì kú. Nǹkan bí oṣù kan ni ó kù kí Halloween dé. Bí wọ́n bá lè fi májèlé sínú oògùn ilé ìtajà, kí ni wọn kò lè fi sínú àdídùn? Àwọn ìlú kan ní kí ọmọ kankan má ṣe jáde lọ́dún náà, ọjà àwọn aránṣọ Halloween sì wọlẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Transformers dé. Orúkọ tí a kọ sí àyà ọmọ kò lè mú irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́kàn òbí, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àjèjì méjì rí ohun bá ara wọn sọ ní ẹnu ọ̀nà: onílé a pe ọmọ ní Optimus Prime, ọmọ a sì jẹ́.

Àléébù tí ó dun àwa kò sí ní àyà. Orúkọ eré náà ni ó fi í hàn: Transformers, àwọn tí ń para dà. Gbogbo adùn Optimus Prime wà nínú pípara dà yìí. Ọmọ tí ó ní ohun ìṣeré náà lọ́wọ́ fi ìka ara rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà, ó mọ ibi tí ọwọ́ ti ń jáde àti ibi tí orí ń wọ̀ sí. Ẹ̀wù rọ́bà kò lè yí. Ó mú ẹ̀dá tí kì í dúró lójú kan, ó sọ ọ́ di àwòrán tí kò mì. Tírélà dà? Kò sí. Táyà dà? Kò sí. Bí a bá fi ojú yìí wò ó, ẹ̀wù C-3PO, róbọ́ọ̀tì inú Star Wars tí Ben Cooper rán lẹ́yìn tí sinimá náà jáde ní ọdún 1977, jẹ́ iṣẹ́ tí ó pé ju ti Optimus Prime lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ike kan náà àti irú okùn rọ́bà kan náà ni. C-3PO kì í para dà, kò sí ohun tí ẹ̀wù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lóde òní, àwọn òbí kan ń fi páálí ṣe ẹ̀wù Transformers fún ọmọ wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ tí ó sì tẹ orí ba, ó di ọkọ̀, táyà a kan ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti borí ẹ̀wù àtijọ́ ní ọ̀nà yìí, kò sì yẹ kí ìfẹ́ ohun àtijọ́ mú wa sẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ẹ̀wù yìí ṣe tí ohun ìṣeré náà kò ṣe, bóyá ẹni tí ó rán an kò tilẹ̀ mọ̀. Ní Japan, nígbà tí ó ṣì ń jẹ́ Diaclone, róbọ́ọ̀tì náà kò ní ẹ̀mí. Ọkọ̀ ni. Awakọ̀ kékeré, tí kò ga ju oríkèé ìka lọ, tí mágínẹ́ẹ̀tì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ni ó ń jókòó sínú rẹ̀ láti wà á. Àṣà tí ó gbilẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí Go Nagai ti gbé Mazinger Z jáde ní ọdún 1972 ni pé ènìyàn ni yóò jókòó sínú róbọ́ọ̀tì ńlá tí yóò sì máa darí rẹ̀. Nígbà tí ó dé ọwọ́ Hasbro, wọ́n lé awakọ̀ jáde. Wọ́n ní róbọ́ọ̀tì náà gan-an ni alààyè: ó ń ronú, ó ń bínú, ó ń ṣàánú. Ṣùgbọ́n wọn kò pa ìjókòó awakọ̀ rẹ́ nínú orí tírélà náà. Ó ṣì wà lẹ́yìn gíláàsì, ní àyà Optimus Prime, kò sì sí ẹni tí ń jókòó sí i mọ́. Ọmọ tí ó bọ ẹ̀wù rọ́bà náà sọ́rùn ni ó padà wọ ilé tí wọ́n ti lé ènìyàn kúrò.

Bí a bá sì wá ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ dé ìdí, orí ìtàgé ni a ó bá a. Karel Čapek, ará Czechoslovakia, ni ó lò ó nínú eré R.U.R. tí ó kọ ní ọdún 1920, tí wọ́n sì ṣe ní ọdún 1921. Josef ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó dábàá ọ̀rọ̀ náà fún un, láti inú robota, tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe nínú èdè wọn. Nítorí náà, àwọn tí a kọ́kọ́ fi orúkọ róbọ́ọ̀tì pè níwájú òǹwòran jẹ́ òṣèré tí wọ́n wọ ẹ̀wù. Ènìyàn inú aṣọ ni róbọ́ọ̀tì kí ó tó di irin. Ẹni tí ó bá ń fi ọmọ rẹ́rìn-ín pé ó wọ rọ́bà ó ní òun di róbọ́ọ̀tì, kí ó rántí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí irin ẹnu. Irin bo ẹnu Optimus Prime, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Peter Cullen ni ó fi ohùn fún un nínú eré tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti sọ ní gbangba pé Larry ẹ̀gbọ́n òun, ọmọ ogun tí ó ja ogun Vietnam, ni òun fi ṣe àwòkọ́ṣe, ẹni tí ó lágbára tí kì í sì í pariwo. Ẹ̀wù rọ́bà kò ní ohùn kankan. Ní ọdún 2007, Hasbro ta àṣíborí Optimus Prime kan tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń yí ohùn ọmọ padà sí ohùn róbọ́ọ̀tì, gbogbo ayé sì yìn ín. Ìbòjú àtijọ́ kò ní ju ihò tẹ́ẹ́rẹ́ náà lọ. Èémí ọmọ á kún inú rẹ̀, òógùn á máa ṣàn sí àgbọ̀n, ohùn á sì jáde bí ohùn ẹni tí ó wà nínú kànga. Èyí ni àwa yàn. Egúngún mọ̀ pé ohùn gbọdọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fun ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kò fi í lé bátìrì lọ́wọ́. Ọmọ tí ó wọ ìbòjú olówó pọ́ọ́kú yìí ní láti wá ohùn Larry Cullen, tí kò mọ̀ rí, nínú ọ̀fun ara rẹ̀.

Ní ti pé ìpolówó ni ẹ̀wù náà, a kò ní jiyàn. Ọdún 1984 ni àjọ FCC, tí ń ṣàkóso tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, mú ààlà tí ó wà lórí àkókò ìpolówó kúrò, ọdún náà gan-an ni eré Transformers sì bẹ̀rẹ̀. Ó di ọdún 1990 kí òfin tó tún fi ààlà sí ìpolówó nínú ètò àwọn ọmọdé. Eré náà wà láti ta ohun ìṣeré ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986 ni èyí fojú hàn gbangba, nígbà tí sinimá The Transformers: The Movie jáde tí Optimus Prime sì kú nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: wọ́n ti ta àwọn ti ọdún 1984 tán, wọ́n ń fẹ́ àyè fún tuntun. Lójú àwọn ọmọ, pupa àti búlúù ara rẹ̀ ṣá kúrò, ó di àwọ̀ eérú. Wọ́n sunkún nínú ilé sinimá. Àwọn òbí kọ lẹ́tà. Ariwo náà pọ̀ débi pé wọ́n jí i dìde ní ọdún 1987, wọ́n sì yí ìtàn sinimá G.I. Joe padà kí Duke, akọni tiwọn, má baà kú.

Ẹ wá wo ọmọ tí ó tún gbé ẹ̀wù tí wọ́n rà fún un ní èṣí wọ̀ ní Halloween ọdún 1986. Òkú ni ó gbé wọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, onílé kò mọ̀. Pupa àti búlúù tí sinimá gbà lára Optimus Prime ṣì ń tàn lórí rọ́bà, nítorí ọ̀dà kò gbọ́ ìròyìn ikú. Akọni tuntun ni àwọn tí ó ni ọjà fẹ́ kí ọmọ náà fẹ́ràn lọ́dún náà. Òun kọ̀, ó ń gbé ti àtijọ́ kiri ìgboro. Ẹ̀wù tí wọ́n rán láti fi polówó ọjà ni ó wá fi ń tako ọlọ́jà. Àwa tí a mọ ohun tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ti lọ padà sí òde nínú aṣọ, kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa.

Ó ku àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ. Ní ọjà wọn lónìí, ẹ̀wù tí ó níye lórí jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí: páálí rẹ̀ kò tẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ kò ya, aṣọ náà ṣì wà ní kíká bí ó ti kúrò ní ilé iṣẹ́. Èyí tí ọmọ wọ̀, tí ó ya ní abíyá, tí ìbòjú rẹ̀ là ní ẹ̀gbẹ́ ojú, owó táṣẹ́rẹ́ ni. A mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n ni ó ń wọ́n, èyí tí a kò wọ̀ sì ṣọ̀wọ́n nítorí pé láti wọ̀ ni gbogbo ayé ṣe rà á. Ṣùgbọ́n òǹwọ̀n ọjà ni ìyẹn, kì í ṣe ti alámèyítọ́. Gbogbo ohun tí a ti rí pé ó dára nínú ẹ̀wù yìí, onílé tí ń ka àyà, ìjókòó tí ó tún rí ẹni jókòó, ohùn tí ń jáde láti inú kànga, òkú tí ń rìn ní òpópónà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣẹlẹ̀ nínú páálí. Bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan bá bi wá léèrè èyí tí wọn yóò rà nínú méjèèjì, a ó ní kí wọ́n ra èyí tí ó ti ya, kí wọ́n má ṣe rán an, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sí ìwọ̀n gíga ọmọ ọdún méje, kí àgbà tí ó bá fẹ́ wo inú ihò ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.